Ìdẹ Ni Àgbàdo Jẹ́ Fún Ẹja, Kì Í Ṣe Oúnjẹ Tó Lè Mú Àrọ̀ Sanra

Ẹ̀yin oníṣòwò Alímọ̀ṣọ́ ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ ẹja la fẹ́ sọ lónìí, ṣùgbọ́n ọ̀nà àgbàdo la máa gbà débẹ̀. Bí àsìkò àgbàdo tútù bá ti dé, láti Ìkòtún dé Ìgándò, láti Ẹ̀gbẹ́dá lọ sí Ìdímù, kò sí ìkóríta tí ẹ kò ní bá ìkòkò àgbàdo lórí iná tàbí kí ẹ rí èyí tí wọ́n ń sun lórí ẹ̀yinná. Èyí tó bá ṣẹ́kù lálẹ́ kì í lówó lórí mọ́, nítorí kò sẹ́ni tó fẹ́ ra àgbàdo àná. Ibẹ̀ ni àwọn kan nínú ẹ̀yin tí ẹ ń sin ẹja ti ń dọ́gbọ́n. Ẹ ó ra àṣẹ́kù yẹn ní owó pọ́ọ́kú, ẹ ó yọ hóró rẹ̀ kúrò lára kùùkù, ẹ ó dà á sínú pọ́ǹdù, ẹ ó sì ní ẹ ti rí ọ̀nà àbùjá tí ẹ ó fi bọ́ lọ́wọ́ oúnjẹ ẹja tó wọ́n bí ojú. Èrò tèmi ni pé ọ̀nà àbùjá yẹn kò jáde síbì kankan fún ẹni tó ń sin àrọ̀. Ẹ jẹ́ ká jọ yiiri rẹ̀ wò kí owó tó wọmi tán.

Ohun tó ń tan àwọn èèyàn jẹ ni pé lóòótọ́ ni ẹja ń sáré sí àgbàdo. Ẹ̀yin tí ẹ ní ẹbí ní ìlú ọba, ẹ bi wọ́n léèrè. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tó bá gbé ọ̀pá ìwọ̀ lọ sétí adágún omi, àfàìmọ̀ ni kí agolo àgbàdo dídùn má wà nínú àpò rẹ̀. Àgbàdo dídùn yìí kì í ṣe irú èyí tí à ń sè jẹ lójú títì o. Irúgbìn tirẹ̀ yàtọ̀, ṣúgà inú rẹ̀ kì í tètè yí padà bó ṣe máa ń yí padà nínú àgbàdo tiwa, ìdí nìyẹn tí adùn rẹ̀ fi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Inú agolo ni àwọn súpámákẹ́ẹ̀tì wa náà ti ń tà á, àwọn tó ń se ìrẹsì òde àríyá àti àwọn tó ń ṣe sàláàdì ló sì ń rà á jù. Apẹja Gẹ̀ẹ́sì á mú hóró kan tàbí méjì, á fi kọ́ ẹnu ìwọ̀, á wọ́n ẹ̀kúnwọ́ mìíràn sójú omi kí ẹja lè kóra jọ. Àwọ̀ ìyeyè rẹ̀ ń hàn ketekete nínú omi tó dúdú, adùn rẹ̀ ń tú sínú omi, èèpo rẹ̀ le tó láti dúró lẹ́nu ìwọ̀, owó rẹ̀ kò sì ga ju ara lọ. Ẹja tí wọ́n ń pè ní carp ló fẹ́ràn rẹ̀ jù. (Ẹ̀gbẹ́ kan rèé kí n tó gbàgbé: bí ẹ bá lọ kí ẹbí yín lọ́hùn-ún, ẹ má kàn gbé ìwọ̀ lọ sódò o. Ní England, ẹni tó bá ti pé ọmọ ọdún 13 gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ ìjọba kó tó fi ọ̀pá ìwọ̀ pẹja nínú omi odò.)

Àwọn apẹja tiwa náà ti mọ̀ nípa ìdẹ kí agolo ìlú òyìnbó tó dé. Wọ́n ń lo ekòló, ìfun adìyẹ, ẹja wẹ́wẹ́ tí wọ́n gé, ẹyìn ọ̀pẹ, ẹ̀gẹ́, àní ọṣẹ ìfọṣọ pàápàá. Ọ̀rọ̀ ọṣẹ yẹn kì í ṣe àwàdà. Ọ̀pọ̀ apẹja lórí àwọn odò ńlá ilẹ̀ wa ló ń gé e sí wẹ́wẹ́ tí wọ́n fi ń kọ́ ìwọ̀ fún àrọ̀ àti àwọn ẹja tó jọ ọ́, nítorí pé òórùn ọ̀rá inú rẹ̀ máa ń rìn jìnnà nínú omi. Ẹja kọ̀ọ̀kan ló ní ohun tó ń pè é. Ẹpìyà ń jẹ ewé, ó ń jẹ èérí ògì, ó ń jẹ àgbàdo, ojú ló fi ń wá oúnjẹ rẹ̀ lójú ọ̀sán. Ti àrọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Àrọ̀ fẹ́ràn òru, òórùn ló fi ń rìn, irùngbọ̀n 8 tó wà lẹ́nu rẹ̀ ló sì fi ń tọ́ nǹkan wò kó tó gbé e mì. Ẹran ló fẹ́ràn jù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé bí ebi bá ń pa á, kò sí ohun tó kọ̀. Kíkọ̀ tí kò kọ̀ yìí ló ń ṣi yín lọ́nà. Ẹ da àgbàdo síbẹ̀, ẹ rí i pé omi ń ru, ìrù ń lu ìrù, ẹ wá ní àwọn ẹja yín ti yó.

Ẹ wo ìyàtọ̀ tó wà láàárín yín pẹ̀lú ẹni tó ń fi ìwọ̀ pẹja. Ẹni tó ju ìwọ̀ sódò kò bèèrè bóyá àgbàdo máa mú ẹja sanra. Kí ẹja la ẹnu lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ló ń wá, ó parí. Ẹ̀yin fẹ́ kó la ẹnu lójoojúmọ́ fún oṣù márùn-ún sí mẹ́fà, kí ohun tó gbé mì sì di ẹran ara tí oníbàárà máa gbé sórí òṣùwọ̀n.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ohun tó ń kọ́ ẹran ara ni èròjà tí wọ́n ń pè ní purotéènì. Àrọ̀ tó ń dàgbà ń fẹ́ oúnjẹ tí purotéènì inú rẹ̀ tó ìpín 35 sí 45 nínú 100, bó bá ṣe kéré sí ló ṣe ń fẹ́ èyí tó pọ̀ sí. Ẹ mú fíìdì tó jẹ́ ìpín 42. Kílò kan rẹ̀ á fún ẹja ní gíráàmù 420. Àgbàdo gbígbẹ ńkọ́? Nǹkan bíi ìpín 9 ni tirẹ̀, ìyẹn gíráàmù 90 nínú kílò kan. Àgbàdo tútù tí wọ́n sè tún kéré sí i jìnnà, nítorí omi ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ìpín 3 péré ni, ìyẹn gíráàmù 30. Èyí fi hàn pé kí àrọ̀ yín tó lè rí ohun tó wà nínú kílò kan fíìdì yẹn, ó máa ní láti jẹ àgbàdo sísè kílò 14. Ikùn àrọ̀ wo ló gba kílò 14? Bí ẹ bá rí i rà ní ìlàjì ìlàjì owó fíìdì, ẹ ti pàdánù síbẹ̀. Kò tíì kan ti pé hóró odindi tí kò fọ́ máa ń gba ara ẹja kọjá bó ṣe wọlé, àwọn tó ń fọ pọ́ǹdù mọ ohun tí mò ń sọ.

Àmì rẹ̀ kì í pẹ́ hàn. Orí ẹja á tóbi, ìrù rẹ̀ á tẹ́ẹ́rẹ́. Ikùn rẹ̀ á kún fún ọ̀rá, ẹ̀yìn rẹ̀ kò ní lẹ́ran. Àwọn tó bá sì lágbára díẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹran tí ẹ kò fún wọn, wọ́n á rí i lára àwọn ọmọ ìyá wọn. Àrọ̀ ń jẹ àrọ̀, gbogbo ẹni tó ti sin ín rí ló mọ̀ bẹ́ẹ̀, ebi ló sì ń mú kó burú sí i. Ẹ kó 1,000 ọmọ ẹja sínú omi, ẹ kò rí òkú kankan tó léfòó, síbẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ bá gbẹ́ pọ́ǹdù, iye tí ẹ máa kà á yà yín lẹ́nu. Ẹ má wá bínú sí ẹ̀ṣọ́ tó ń sùn síbẹ̀ lóru, tàbí kí ẹ ní aládùúgbò ló jí i kó.

Omi náà ń gbowó nínú ọ̀rọ̀ yìí. Àgbàdo tí ẹja kò bá jẹ máa ń rì sísàlẹ̀, a máa kẹ̀, a máa fa atẹ́gùn inú omi tán, á sì mú kí májèlé tí ìgbẹ́ ẹja ń mú jáde pọ̀ sí i. Nítorí pé àrọ̀ lè yọ ẹnu sókè kó mí afẹ́fẹ́ bíi tiwa, kì í tètè kú bí ẹpìyà. Ó kàn máa dákẹ́ síbẹ̀ ni, kò ní jẹun mọ́. Ẹ ó wá máa pààrọ̀ omi lójoojúmọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi jẹnẹrétọ̀ fa omi bọ́họ́ọ̀lù mọ iye tí ẹ ń ra bẹntiróòlù láti ìgbà tí ìjọba àpapọ̀ ti yọ owó ìrànwọ́ orí rẹ̀ ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023. Ohun tí ẹ ní ẹ rí lára àgbàdo, jẹnẹrétọ̀ ti mu ún. Bí a sì ti dárúkọ omi, ẹ̀yin tí pọ́ǹdù yín sún mọ́ ààtàn Solous ní Ìgándò, ẹ gbé omi bọ́họ́ọ̀lù yín lọ fún àyẹ̀wò kí ẹ tó da ọmọ ẹja kankan sínú rẹ̀. Omi ẹlẹ́gbin tó ń ṣàn láti inú ààtàn máa ń wọ inú ilẹ̀, àwọn olùwádìí sì ti kọ nípa ti ibẹ̀ yẹn lọ́pọ̀ ìgbà.

Mi ò bá ẹnikẹ́ni tó ń wá ọ̀nà àbùjá jà o. Oúnjẹ ló ń kó nǹkan bí ìpín 60 sí 70 lọ nínú gbogbo owó tí èèyàn ń ná lórí àrọ̀, ojú gbogbo wa ló sì ṣe é lórí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí owó oúnjẹ yìí. Ní oṣù Keje ọdún 2020, Báńkì Àpapọ̀ ilẹ̀ wa ní òun kò ní ta dọ́là mọ́ fún àwọn tó ń kó àgbàdo wọlé láti òkè òkun. Nígbà tó di oṣù Kẹfà ọdún 2023, wọ́n jẹ́ kí ọjà fúnra rẹ̀ máa sọ iye náírà, dọ́là tó wà ní nǹkan bíi 470 náírà tẹ́lẹ̀ sì ti kọjá 1,500 náírà nínú ọdún 2024. Ẹja lílọ̀ tí wọ́n ń fi ṣe fíìdì, òkè òkun ni èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ti ń wá. Èyí tó ń léfòó tí wọ́n ṣe tán nílùú òyìnbó, ẹ má jẹ́ ká tiẹ̀ sọ̀rọ̀ rẹ̀. Lóṣù Keje ọdún 2024, ìjọba kéde pé àwọn kò ní gba owó ibodè lórí àgbàdo àti àwọn oúnjẹ kan fún 150 ọjọ́, ṣùgbọ́n àgbàdo nìkan kọ́ ló wà nínú àpò fíìdì. Ẹni tí ọ̀rọ̀ bá ká mọ́ bẹ́ẹ̀, kò sí ohun tí kò ní gbìyànjú.

Àmọ́ ibi tí àgbàdo yẹ kó wà nínú òwò àrọ̀, inú ẹ̀rọ ìlọta ni. Kó gbẹ, kó kúnná, kí iná sì kàn án, nítorí àrọ̀ kì í lè lo ìyẹ̀fun tútù dáadáa. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti fún ẹja lágbára kí purotéènì tó wọ́n lè ráyè kọ́ ẹran. Ẹ tún jẹ́ ká ṣírò. Bí ẹ bá fẹ́ fíìdì tó jẹ́ ìpín 40, tí ẹja lílọ̀ yín jẹ́ ìpín 65, tí sóyà tí wọ́n ti fún òróró rẹ̀ jẹ́ ìpín 44, tí àgbàdo sì jẹ́ ìpín 9, ẹ lè po kílò 22 ẹja lílọ̀ mọ́ kílò 54 sóyà àti kílò 24 àgbàdo. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ kílò 100, ẹ ó sì bá ìpín 40 níbẹ̀ pẹ̀lú díẹ̀ lórí. Ẹ dín nǹkan díẹ̀ kù láti fi àyè sílẹ̀ fún iyọ̀, fítámì, òróró àti ohun tó ń dì í pọ̀. Sóyà tó bá jẹ́ tútù, ẹ yan án dáadáa, nítorí nǹkan kan wà nínú rẹ̀ tí kì í jẹ́ kí oúnjẹ dà nínú ẹja. Ẹ wò ó pé àgbàdo kò dé ìdá mẹ́rin kan. Ẹni tó bá ní ìdajì àpò ni òun fi àgbàdo ṣe, ẹ bi í léèrè ibi tí purotéènì máa gbà wọlé.

Ẹ sì ṣọ́ra fún àgbàdo tó ti hu. Lásìkò òjò, ẹ ó rí i ní Ilé-Epo àti láwọn ọjà mìíràn pé àpò kan máa ń dínwó sí àwọn yòókù láìnídìí. Ẹ tọwọ́ bọ àárín àpò náà. Bó bá móoru, tó ń rùn tàbí tó ní àwọ̀ ewé díẹ̀díẹ̀, ẹ fi sílẹ̀. Èèhù yẹn ń pèsè májèlé tí kì í jáde bí ẹ tilẹ̀ sè é, ẹ̀dọ̀ ẹja ló sì ń bà jẹ́. Kúlíkúlí tí wọ́n ń fi ṣe fíìdì náà ní irú àìsàn yìí.

Fíìdì tí a lọ̀ nílé máa ń rì, ẹ kò sì ní rí bóyá wọ́n jẹ ẹ́ tán. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe fi ń fún ọmọ ẹja kéékèèké ní èyí tó ń léfòó, tí wọ́n á sì yí sí ti ilé nígbà tó bá ti lágbára. Èmi fara mọ́ ọn. Bí ẹ kò bá mọ bí ẹ ṣe máa po tiyín, ẹ̀ka ẹ̀kọ́ nípa ẹja wà ní yunifásítì LASU ní Ọ̀jọ́, ọ̀nà LASU sí Ìsẹ̀rì ló gba Ìgándò kọjá, kò jìnnà. NIOMR, ilé ìwádìí ìjọba àpapọ̀ lórí òkun àti ẹja, wà ní Victoria Island. Ẹ gbé ìwé àti bírò lọ.

Kí wá la fẹ́ fi àṣẹ́kù àgbàdo àwọn ìyá wa ojú títì ṣe? Ẹni tó bá ní ẹpìyà ló ni ín. Ẹpìyà ń jẹ ẹ́ dáadáa, bí ẹ bá gún un tàbí tí ẹ rún un sí wẹ́wẹ́, kó jẹ́ ìpápánu lẹ́yìn oúnjẹ gidi. Iṣẹ́ ìdẹ náà wúlò nínú pọ́ǹdù onílẹ̀. Bí oníbàárà bá fẹ́ kílò 5 péré, ẹ kò ní láti fa gbogbo omi gbẹ. Ẹ da àgbàdo sí igun kan ní àkókò kan náà fún ọjọ́ mẹ́ta mẹ́rin, lọ́jọ́ karùn-ún ẹ tẹ́ àwọ̀n síbẹ̀ kí ẹ tó dà á. Wọ́n á wá fúnra wọn. Ní ti pé kí a máa yọ hóró tà fún àwọn tó ń fi ìwọ̀ ṣeré ní òpin ọ̀sẹ̀, mo ti gbọ́ kí wọ́n dá a lábàá. Owó àkàrà ni yóò pa, kò lè san owó ilé ìtajà.

Ó tilẹ̀ ń yà mí lẹ́nu pé a ò náání ẹpìyà mọ́. Lọ́dún 1951 tí ìjọba bẹ̀rẹ̀ ẹja sísìn nílẹ̀ yìí, ibùdó àyẹ̀wò kékeré kan ní Oníkan, níbí ní Èkó, ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Panyam tó wà ní ìpínlẹ̀ Plateau ló tẹ̀lé e, carp ni wọ́n sì sìn níbẹ̀, ẹja tí mo sọ pé àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń fi àgbàdo pè. Àrọ̀ ló wá gba gbogbo ọjà lẹ́yìn náà, nítorí pé ó ń gba ìyà, kì í tètè kú nínú abọ́ ìyá ọlọ́jà, àwọn onípẹpẹsúùpù sì fẹ́ kí oníbàárà nawọ́ sí i láàyè kí wọ́n tó pa á. Mi ò ní kí ẹ fi àrọ̀ sílẹ̀. Ètò ìkànìyàn ọdún 2006 ka èèyàn 1,277,714 ní Alímọ̀ṣọ́ nìkan, a sì ti pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Àwọn tó máa jẹ ẹja yín wà.

Ohun tí mo ń bá yín jà lé lórí ni iye ọmọ ẹja tí ẹ ń kó sínú omi. Àrọ̀ tí a bọ́ dáadáa máa ń jẹ nǹkan bíi kílò kan àti díẹ̀ kó tó fi kílò kan kún ara rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká pè é ní 1.2. Ẹja 1,000 tí ẹ fẹ́ kó tó kílò kan kọ̀ọ̀kan á jẹ fíìdì kílò 1,200. Bí àpò kan bá jẹ́ kílò 15, àpò 80 nìyẹn. Ẹ lọ bèèrè iye tí wọ́n ń ta àpò kan lónìí, ẹ fi 80 lu ú, ẹ tún wo owó tó wà lọ́wọ́ yín. Bí kò bá tó, ẹ má bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 1,000. Ẹja 300 á jẹ kílò 360, ìyẹn àpò 24. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí àgbàdo ń pa lówó lónìí, owó àpò 24 ló wà lọ́wọ́ wọn lọ́jọ́ tí wọ́n ra 1,000 ọmọ ẹja, torí pé ọmọ ẹja kò wọ́n, ojú wọn sì wọ̀ ọ́.

Fún ẹni tí tirẹ̀ ti wà nínú omi báyìí, tí owó fíìdì ti tán, tó ń dá àgbàdo lé e: ẹ dá a dúró fún ọjọ́ kan, ẹ pààrọ̀ omi, ẹ ṣa àwọn tó tóbi sọ́tọ̀ kí wọ́n má báa jẹ àwọn kékeré. Ẹ pe àwọn ìyá tó ń yan ẹja, wọn kì í dúró de kílò kan, èyí tó kéré gan-an ni wọ́n ń fẹ́ kó lè tètè gbẹ lórí iná. Ẹ ta ìdajì fún wọn bó bá gba bẹ́ẹ̀, kódà kí èrè má pọ̀, kí ẹ fi owó yẹn ra fíìdì fún ìdajì tó kù títí wọ́n á fi tó kílò. Kí ẹ tó dúnàádúrà, ẹ gbé mẹ́wàá lé òṣùwọ̀n kí ẹ mọ ohun tí ẹ ní lọ́wọ́.